Ọjọ́ Tí Mo Dájọ́ Pé Ilẹ̀ Gbẹ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń bi mí ní Òkìtìpupa níbí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ibi owó ni ẹ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọ́n ń san owó oṣù, ó tó jẹ, kò tó fi ṣe fáàrí. Ó parí. Iṣẹ́ náà gan-an ni mo fẹ́ sọ, nítorí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àfi ìyá mi, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n tán.

Mo ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun bí a ṣe ń ro ogun.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò yìnbọn rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, mo kọ́kọ́ béèrè èwo ni ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lókè Ọya, níbi tí àwọn ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ológun ti máa ń padà wá jókòó bí ọmọ iléèwé, kí wọ́n lè gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì. Kì í ṣe bí a ṣe ń yan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni bí ogun kan ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà, ohun tí ọmọ ogun máa jẹ ní ọjọ́ kẹrìnlá, àti, èyí tó ṣòro jù, bí ogun náà ṣe máa parí. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni tèmi: òkè, odò, ẹrẹ̀, ọ̀nà.

Ní Àyèká tí wọ́n ti bí mi, "Ṣọ́jà" ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wálé fún Kérésì, ẹnìkan á ti máa dúró dè mí pé kí n bá òun kó ṣọ́jà méjì wá, aládùúgbò òun ti wọ inú oko òun. Mo á ní tísà ni mí. Wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á mi orí: ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà pọ́ńbélé, a máa di omi àdúrà sínú ìgò fún mi lọ́dọọdún kí ọta ìbọn má baà bà mí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí níbi iṣẹ́ ni eruku ṣọ́ọ̀kì, kò sì sí ẹni tó gbàdúrà sí ìyẹn.

Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú oyè yunifásítì, táì pupa kan, àti ìgbéraga tó ju méjèèjì lọ. Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Kàbà, tí gbogbo iléèwé ń pè ní Bàbá Kí-Nìdí, nítorí ìbéèrè tó máa ń bèèrè jù nìyẹn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbóhùn sókè. Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ ní kíláàsì, mo kàn ń tú u fún yín ni. Ṣùgbọ́n bó bá ku èmi àti Bàbá, Yorùbá ló fi ń bá mi wí. Ìbáwí a sì máa ta ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá fi èdè ilé ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbé máàpù kan síwájú mi, ó ní kí n fi ọ̀nà hàn fún àwọn ọmọ ogun láti ìlú kan dé èkejì. Mo mú rúlà, mo fa ìlà gbọọrọ. Mo tilẹ̀ fi ẹnu fẹ́ ẹ kí tàdáwà rẹ̀ lè gbẹ.

"Ìlà yìí dára," Bàbá ní. "Ìṣẹ́jú mélòó lo fi fà á?"

"Ìṣẹ́jú kan, sà."

"Ó dáa. Lọ rìn ín."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹrù ọmọ ogun kọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n fà mí lé àwọn tó ń lọ ṣe ìdánrawò lọ́wọ́, a sì gbéra. Ìlà tí mo fi ìṣẹ́jú kan fà gba ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó gun òkè kan tí n kò rí lórí máàpù, nítorí rúlà mi ló bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ìrìn náà, sájẹ́ńtì tó ṣíwájú wa dúró, ó nu òógùn, ó yíjú sí mi.

"Tísà, ẹ̀yin tí ẹ wá láti iléèwé. Ta ló fa ìlà burúkú yìí?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Bí ẹ bá rí i, ẹ ní mo ń kí i. Ẹ ní rúlà náà ni mo máa fi nà án."

Nígbà tí mo padà dé, ẹsẹ̀ mi ti wú bí iṣu. Bàbá Kí-Nìdí wo ẹsẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Ó yá, jókòó. O lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà báyìí."

Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo lò lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò fa iṣẹ́ mi ya. Kì í ṣe èmi nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dún kan, ọ̀gá tí irin oyè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ejìká rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó kọ ètò ogun tó nípọn bí Bíbélì orí pẹpẹ, tó kún fún Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé bó bá bọ́ lu ọ̀tá, ọ̀tá á kú. Bàbá gbọ́ ojú ìwé méjì, ó ránṣẹ́ pe obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wa, ó ní kí ọ̀gá náà kà á tán sí i létí. Obìnrin náà dúró, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó fi sùúrù gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dùn ún gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti ń kà á, ẹnì kankan ò tíì jẹun níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Ogun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹyọ ìrẹsì kan nínú rẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Wọ́n dá ìwé náà padà fún un, nígbà tó sì tún un kọ, oúnjẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù tí mo kà rí ni.

Mo ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ láyé mi, n kò sì ní fi èyí tó kù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Odindi ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ṣe ju kí ó sọ òwe yìí di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àwọn ọ̀gá máa ń dé ní oṣù kìíní bí ẹni tí kò sí ohun tí kò mọ̀. Nígbà tí ọdún bá fi máa yí po, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń sọ "n kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí," èyí tó le ju ìbọn yíyìn lọ fún ẹni tó ní oyè léjìká. Mo rí ọkùnrin kan, tó ti jagun gidi, tó jókòó ti máàpù ibi tó ti jà á. Ó fi ìka tọ ọ̀nà kan lórí rẹ̀, ó tún tọ ọ́. Ọ̀nà tí ì bá gbà nìyẹn, tí kò gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ tí kò bá a padà wálé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má sunkún mọ́. Ní ọ̀la rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dé kíláàsì.

Ní ìparí ẹ̀kọ́, a máa ń ja ogun orí tábìlì. Apá kan á ṣe tiwa, apá kejì á ṣe ọ̀tá. Nítorí pé kò sí ìbọn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ adájọ́, tó máa sọ pé afárá ti wó, òjò ti rọ̀, oúnjẹ yín ti tán. Ọ̀rọ̀ adájọ́ kì í ní àtúnṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eré ò ní tẹ̀ síwájú. Bó bá ní ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, gbogbo wa á yán, a ó sì kí ara wa ẹ káàárọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iyanrìn la fi ń ṣe tábìlì náà. Mo á kúnlẹ̀ tì í, ọwọ́ mi ni mo fi ń mọ òkè, òwú aláwọ̀ búlúù ni odò, páálí ìṣáná ni ilé. Eékún mi kì í mọ́. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà fífẹ́lẹ́ tí à ń tẹ́ lé orí máàpù dé pẹ̀lú pẹ́ńsù aláràbarà. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ńpútà. Nígbẹ̀yìn, àwòrán tí wọ́n ń yà láti ojú ọ̀run, tí o lè fi ka ewúrẹ́ nínú àgbàlá onílé. N kò ní bú u. Ohun tó ń gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọ̀sán kan. Eékún mi náà sì mọ́.

Bàbá Kí-Nìdí ti padà sí Kàbà nígbà náà. Èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀, èmi ni adájọ́ àgbà. Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n ń pè mí ní Dókítà, mo sì ti ń dáhùn kí wọ́n tó pè é tán. Wọ́n ní èmi ló kàn láti di olórí ẹ̀ka wa. Mo ti fi ojú wọn ọ́fíìsì náà, mo sì ti mọ ibi tí àga mi máa wà.

Ọdún yẹn gan-an ni mo mú ìlú mi ṣe ogun orí tábìlì. Ìṣòro tí mo gbé síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, ní oṣù kẹwàá, ọ̀tá ti ká àwọn ará etí omi mọ́. Kí wọ́n kó oúnjẹ àti oògùn láti Òkìtìpupa gba Ìrẹ̀lẹ̀ lọ bá wọn, kí ebi tó pa wọ́n. Pápá ńlá kan wà lẹ́yìn Ìrẹ̀lẹ̀. Nínú àwòrán ojú ọ̀run, ó rí bí koríko gbígbẹ, ó tẹ́ bí ẹní. Èmi fúnra mi ti lé òkété níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo dájọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, lọ́rì lè gbà á kọjá.

Gbogbo wọn gba pápá kọjá, àfi Méjọ̀ Tarí. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ ni, láti etí omi níbẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó sì dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fo orúkọ rẹ̀ nígbà ìgbéga. Bó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ yìí, ilé ló kù. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ètò tirẹ̀ yí gba ọ̀nà ọ̀dà tó jìn, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi parí rẹ̀. Ó fi odindi ọjọ́ kan pẹ́ ju tàwọn yòókù lọ.

Mo dá a dúró níwájú kíláàsì. "Méjọ̀, kí ló dé tí ẹ sá fún pápá?"

"Pápá yẹn ò sí níbẹ̀, sà."

"Kò sí níbẹ̀ báwo? Kí wá ni gbogbo wa ń wò yìí?"

"Ní oṣù kẹwàá, omi ni, sà. Koríko kàn léfòó lórí rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀."

"Ẹ wò ó, Àyèká ni wọ́n bí mi sí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mo fi rin pápá yẹn."

"Ní oṣù wo, sà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Dókítà lódindi, ọmọ onílẹ̀, níwájú àwọn tó ń dìde fún mi bí mo bá wọlé!

"Adájọ́ ti dájọ́," mo ní. "Ilẹ̀ gbẹ."

"Ilẹ̀ gbẹ, sà," Méjọ̀ Tarí dáhùn. Ó jókòó. Ṣùgbọ́n kò yí ètò rẹ̀ padà.

Mo fún un ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí abẹ́ ìwé rẹ̀ pé: "Ìbẹ̀rù omi." Ọmọ Ìjọ̀ ni mo kọ ìyẹn fún o. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn níí mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ó jẹ́ àṣà wa pé lẹ́yìn ogun orí tábìlì, a máa lọ fi ojú rí ilẹ̀ tí a jà lé lórí. Oṣù kẹwàá náà la dé Ìrẹ̀lẹ̀, pẹ̀lú lọ́rì mẹ́ta. Pápá náà tẹ́jú, koríko rẹ̀ dúró ṣinṣin, ó rí bí àwòrán gẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá sọ̀ kalẹ̀, kó fi igi gún ilẹ̀ wò. Kò sí ẹni tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la ti fi jà lórí pápá yẹn. A ti kó ẹrù gba ibẹ̀, a ti ṣẹ́gun níbẹ̀, a ti pàtẹ́wọ́. Ó ti gbẹ lọ́kàn wa. Ọ̀gá tó gba máàkì jù ní kí lọ́rì àkọ́kọ́ wọlé, kí gbogbo ayé rí ọ̀nà tí ètò òun gbà.

Awakọ̀ rẹ̀, Kọ́púrà Sunday, yọ orí síta. "Sà, ṣé kí n wọ ibí?"

"Wọlé jàre. Ilẹ̀ gbẹ."

Ìyá àgbàlagbà kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹyìn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo. "Ẹ̀yin ọmọ! Ẹ̀yin ọmọ! Ibo lẹ ń lọ?"

"Ìyá, a kàn ń kọjá ni," ọ̀gá kan dáhùn.

"Ẹ ń kọjá síbo? Ta ló ní kí ẹ gba ibẹ̀?"

"Adájọ́ wa ni, Ìyá."

"Adájọ́ wo? Ẹ ò rí i pé ẹ̀ ń ya wèrè!"

Kó tó pa ẹnu dé, imú lọ́rì náà ti lọ. Koríko ya sọ́tọ̀ bí aṣọ, ẹrẹ̀ dúdú yọ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn fò jáde, wọ́n ń wọ́ ara wọn padà nínú ẹrẹ̀ tó mù wọ́n dé ìbàdí. Kọ́púrà Sunday kò lè jáde. Ilẹ̀kùn kò ṣí, irin iwájú ọkọ̀ ti tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń gun àyà rẹ̀ bọ̀. Ó ń pe ìyá rẹ̀.

Gbogbo wa la ní oyè. Gbogbo wa la ní ètò. Ọ̀gá mẹ́rin ló ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Èmi? Mo dúró, máàpù wà lọ́wọ́ mi.

Méjọ̀ Tarí kò pàṣẹ kankan. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi èdè Ìkálẹ̀ ké sí ìyá náà, ìyá sì ké sí àwọn ènìyàn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Wọ́n sáré gbé ọ̀pá igi ọ̀gọ̀rọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ wá. Méjọ̀ tẹ́ wọn sórí koríko, ó dojú bolẹ̀, ó fi àyà fà lórí wọn títí ó fi dé ibẹ̀. Ó fọ́ gíláàsì, ó sì gbé orí ọmọ náà sókè kúrò nínú ẹrẹ̀, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí tí okùn fi dé, tí a fi fà á yọ. Kọ́púrà Sunday yè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní. Lọ́rì náà rì pátápátá.

Nígbà tí Méjọ̀ padà dé ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi. Mo dúró de èébú, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló wí, ó sì kọjá.

A padà sí iléèwé. Ọ̀gá àgbà wa, èèyàn jẹ́jẹ́, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó máa wádìí ọ̀rọ̀ náà tó jókòó. "Dókítà, òjò pọ̀ lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti Méjọ̀ yẹn, a ó bu máàkì díẹ̀ kún tirẹ̀, kó kàn yege."

Ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi. Ọ́fíìsì á di tèmi. Méjọ̀ Tarí á yege tíntín, ìwé rẹ̀ á ṣì máa sọ pé ó bẹ̀rù omi, kò sì sí ẹni tó máa fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbé e ga. Ṣé kí n parọ́ fún yín pé n kò rò ó? Mo rò ó dáadáa. Mo wá fi fóònù pe Bàbá Kí-Nìdí ní Kàbà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Òjò náà," ó ní, "oṣù wo ló rọ̀?"

"Oṣù kẹwàá, sà."

"Ṣé kì í rọ̀ ní oṣù kẹwàá tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ó máa ń rọ̀, sà."

"Ó dàbọ̀." Ó gbé e sílẹ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀, mo dìde. Mo ní òjò kò ṣẹ̀, ó rọ̀ ní àkókò rẹ̀. Mo ní inú ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kejì ọdún, ni wọ́n ya àwòrán tí mo lò, ọjọ́ náà wà ní igun rẹ̀, n kò wò ó. Inú ẹ̀ẹ̀rùn náà ni mo ti ń lé òkété. Mo ní ẹni tó mọ ibẹ̀ kìlọ̀ fún mi ní gbangba, mo sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn ni kó tún ìwé rẹ̀ gbé yẹ̀wò.

Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, ìwé Méjọ̀ Tarí sì borí gbogbo wọn. Wọ́n gbé e ga lọ́dún náà. Ọ́fíìsì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ti tún un kùn lẹ́ẹ̀mejì báyìí, mo gbọ́ pé ó lẹ́wà.

Nítorí ohun tí iléèwé náà wá ṣe ni mo ṣe ń yìn wọ́n di òní. Ní yunifásítì tí mo ti jáde, bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ níwèé, wọ́n á máa pè é ní èrò ìjìnlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí sọ tèmi di ẹ̀kọ́: àwòrán náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ìdájọ́ mi, bírò pupa mi, orúkọ mi ní kíkún. Tarí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá kọ́ wọn. Lọ́dọọdún, títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ náà kí wọ́n lè bi mí ní ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n ti lè fi àṣìṣe yín hàn ní gbangba, tí wọ́n á sì tún fún yín lága ní ọ̀la. Kò pọ̀.

Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn, kápútéènì kan, obìnrin, nawọ́ sókè.

"Sà, ṣé kò sí ẹni tó sọ fún yín ni?"

"Ẹnìkan sọ fún mi."

"Kí lẹ wá ṣe fún un?"

"Mo fún un ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi ń fọwọ́ lu tábìlì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ti tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.